Ṣé owó ni Hekari United fi ra ife ẹ̀yẹ ọdún 2010? Ìjíròrò lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Papua New Guinea

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Hekari United. Mo gbọ́ pé Papua New Guinea ni wọ́n ti wá, pé wọ́n gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Oṣéáníà ní ọdún 2010, àti pé wọ́n lọ sí ìdíje àgbáyé ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Abu Dhabi ní ọdún yẹn kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ohun ìwúrí kan nínú rẹ̀. Ó ní olówó kan ló kó àwọn àjèjì jọ, tó fi owó epo rọ̀bì ra ife náà, àti pé nígbà tí wọ́n dé iwájú ẹgbẹ́ tó mọ bọ́ọ̀lù, 3-0 ni wọ́n fi dá wọn padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí? Kí sì ni a ń pè ní ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù jẹ́ ìdajì iṣẹ́ fún àwọn ọmọ inú rẹ̀?

* * *

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 2003 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Port Moresby, olú ìlú Papua New Guinea. Nígbà tí líìgì gbogboogbò orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife rẹ̀, PRK Souths United sì ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà náà kí wọ́n tó di Hekari. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2014, ẹgbẹ́ mìíràn kò fọwọ́ kan ife líìgì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Hekari gbà á léraléra.

Ní ti ife Oṣéáníà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ti gbà á ṣáájú wọn. Láti ọdún 1987 tí Adelaide City ti kọ́kọ́ gbà á títí di ọdún 2009 tí Auckland City gbà á, kò sí ẹgbẹ́ kan tó gbé ife náà lọ sílé tí kì í ṣe ti Ọsirélíà tàbí ti New Zealand. Nígbà tí Ọsirélíà kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ilẹ̀ Éṣíà ní ọdún 2006, àwọn ará erékùṣù rò pé ọ̀nà ti là fún wọn, àmọ́ Waitakere United ti New Zealand ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2007, Ba láti Fíjì nà wọ́n ní 2-1 nílé, ó pàdánù ní 1-0 lọ́hùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ di 2-2, góòlù kan ṣoṣo tí Waitakere gbá wọlé ní Fíjì, tí òfin ìdíje kà sí ju ti ilé lọ, ni wọ́n sì fi gba ife mọ́ Ba lọ́wọ́. Ní ọdún 2008, Kossa láti Erékùṣù Solomon nà wọ́n ní 3-1 ní Honiara, inú gbogbo ìlú dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí Kossa dé New Zealand, 5-0 ni wọ́n bá pàdé.

Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí ni pé nígbà tí Hekari na Waitakere yìí kan náà ní 3-0 ní Port Moresby ní oṣù kẹrin ọdún 2010, kò sí ẹni tó mọ ìtàn tó lè sọ pé ó ti parí. Wọ́n lọ sí New Zealand ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n pàdánù ní 2-1, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4-2. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife náà wọ ilé ẹgbẹ́ kan láti àwọn erékùṣù. Èmi ò mọ ẹni tó lè gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n kó sọ pé kò wúwo.

* * *

Lórí "ìdajì iṣẹ́"

Ìbéèrè kejì yín ni mo fẹ́ràn jù, torí pé inú rẹ̀ ni àríyànjiyàn tó kù ti ń jáde. Ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí ni èyí tí agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń gba owó díẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, tí owó náà kò sì tó láti fi gbọ́ bùkátà, nítorí náà ó ní láti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ tàbí kí ó gbójú lé ẹbí. Bí líìgì Papua New Guinea ti rí nìyẹn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ló rí ní New Zealand, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù pọ́nńbélé ni Waitakere àti Auckland City kó wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 tí Auckland City gbá 1-1 pẹ̀lú Boca Juniors ti Argentina ní Amẹ́ríkà, Christian Gray, tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn.

Ẹni tí kò bá tíì darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí máa ń rò pé owó oṣù ni ìṣòro tó tóbi jù níbẹ̀. Mo ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kan ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin, èmi ni mo sì máa ń kọ ìnáwó sínú ìwé. Ohun tó ń fún wa ní wàhálà jù ni ọkọ̀ àti àyè. Aṣọ́lé wa ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ fún mi lójú ara mi pé òun ò ní yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́, aago méjì òru ni mo ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkùnrin náà pẹ̀lú páálí ẹyin kan tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Ó yọ̀ǹda ọmọ náà, a sì gbá òmì. Bí mo bá ń ka ìtàn Hekari, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé ta ni ó ń lọ bẹ ọ̀gá àwọn ọmọ wọnnì.

* * *

Òǹkàwé mìíràn kọ̀wé pé: "Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni ìṣòro, gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì wọn ló ní ìṣòro kan náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ Hekari nìkan ló ń borí?"

Ìbéèrè gidi ni, ẹ sì jẹ́ kí n fi àwòrán ilẹ̀ náà dáhùn. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so Port Moresby pọ̀ mọ́ Lae, ìlú kejì ní orílẹ̀-èdè náà, kò sì sí èyí tó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ìlú orí òkè bíi Goroka àti Mount Hagen. Ó ṣeé ṣe láti gba títì láti Lae gòkè lọ sí Mount Hagen, ṣùgbọ́n olú ìlú dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, àwọn òkè gíga sì wà láàárín rẹ̀ àti ibi tó kù. Ọkọ̀ òfurufú ni ẹgbẹ́ Port Moresby ń wọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Lae. Ẹ fi ojú inú wo líìgì tí ìrìn àjò láti ìlú kan sí èkejì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún ogún ènìyàn, pẹ̀lú ibùsùn àti oúnjẹ, ní orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè tó lé ní 800, tí rọ́gíbì sì ti gba ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lọ.

Nínú líìgì bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá ti ní ẹni tó ń san owó bàálù láìyẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan sí iwájú àwọn tó kù kí rẹfirí tó fun fèrè. Àwọn mìíràn á máa wá owó ìrìn àjò lọ́sẹ̀ méjì méjì, àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìdánrawò ni wọ́n á fi máa kan ilẹ̀kùn. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n olùbéèrè wa nìyí: owó ṣe Hekari láǹfààní púpọ̀. Àmọ́ owó náà kò wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ Waitakere, ẹni tí ó bá sì ń sọ pé wọ́n ra ife gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì

Èyí ni àríyànjiyàn tó máa ń gùn jù, mo sì ti rí i tí àwọn ènìyàn bú ara wọn nítorí rẹ̀. Àwọn kan ní Hekari kò lè ṣojú Papua New Guinea nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ Erékùṣù Solomon àti ọmọ Fíjì wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà ró. Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá yọ àwọn àjèjì wọ̀nyẹn kúrò, Hekari kò ní lè ju ẹgbẹ́ àdúgbò lọ.

Mo tako èyí pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ wo inú ẹgbẹ́ tí wọ́n borí. Roy Krishna, ọmọ Fíjì tó padà di ẹni mímọ̀ nínú líìgì Ọsirélíà àti ní Íńdíà, Waitakere ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ New Zealand ti ń wá àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá lọ sí Solomon àti Fíjì, kò sì sí ẹni tó sọ pé ife tí wọ́n gbà kì í ṣe tiwọn. Ohun tí Hekari ṣe ni pé ó yí ọjà náà padà: ọmọ Honiara tó jẹ́ pé Auckland nìkan ni ó ti lè rí owó gbà lórí bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ wá rí ibòmíràn tó sún mọ́ ilé rẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí Píjìn wọn kò jìnnà sí tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ onílé. Kema Jack wà níbẹ̀, David Muta sì wà níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Papua New Guinea kò kópa rárá nínú ìdíje ìyege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun ní àwọn ọdún yẹn, ẹgbẹ́ tó gba ife líìgì ni ọ̀nà rẹ̀, Hekari ló sì ń gbà á lọ́dọọdún. Nígbà tí Papua New Guinea wá dé àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Oṣéáníà ní ọdún 2016, nílé wọn ní Port Moresby, tí wọ́n bá New Zealand gbá 0-0, tó fi jẹ́ pé pẹnáritì ni New Zealand fi borí wọn, Muta wà nínú ẹgbẹ́ yẹn.

* * *

Lórí owó epo àti ẹni kan ṣoṣo

Lẹ́tà mẹ́ta tó wà níwájú orúkọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 2010, PRK, jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àwọn onílẹ̀ agbègbè Kutubu, níbi tí epo rọ̀bì ti ń jáde láti ọdún 1992. John Kapi Natto, tó jẹ́ aṣáájú níbẹ̀, ni ààrẹ Hekari. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka èyí ní Nàìjíríà yóò ronú lọ sí ọ̀rọ̀ epo tiwa lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe da ìtàn méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn ní ìpín nínú owó epo lọ́hùn-ún, apá kan nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ló sì di bàtà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Òǹkàwé kan sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé gbogbo ẹgbẹ́ ńlá ní Yúróòpù ló ní olówó tó ń bọ́ wọn. Èmi kò gbà pé ọ̀kan náà ni. Ẹgbẹ́ tó ní èrò ìwòran tó ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ní owó tẹlifísàn, lè wá olówó mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá fà sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí àpò ẹni kan ṣoṣo gbé dúró kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tiwa ní Ìbàdàn tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, oníṣòwò kan ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọjà rẹ̀ kùtà lọ́dún kan, kò bínú sí wa, kò sì bá wa jà, ó kàn pè mí wá sí ilé ó ní, "Akọ̀wé, ó ti tó." Láàárín oṣù méjì, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá tó kù wà nínú àpò ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi títí tí mo fi kó kúrò nílé náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu Hekari, ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó mú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà borí mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń rìn wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè pé kí n fi òótọ́ inú sọ bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù ní Abu Dhabi.

Wọ́n pàdánù, 3-0, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 2010. Al-Wahda, ẹgbẹ́ Abu Dhabi tó gba líìgì orílẹ̀-èdè UAE, ni wọ́n kọjú sí, Hugo àti Fernando Baiano, àwọn ọmọ Brazil, sì gbá góòlù méjì wọlé kété kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi. Abdulrahim Jumaa fi ẹ̀kẹta kún un lẹ́yìn náà. Títí di ogójì ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ Port Moresby kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni èmi wà, TP Mazembe ti Kóńgò ni gbogbo wa sì ń dúró dè nínú ìdíje náà, Mazembe tó wá na Pachuca àti Internacional títí tó fi dé àṣekágbá pẹ̀lú Inter Milan. Ènìyàn mẹ́fà péré ló jókòó wo ti Hekari. Ọkùnrin kan tó ń ta ọjà kiri béèrè lọ́wọ́ mi pé ibo ni orílẹ̀-èdè yìí wà, mo fi ìka yà á fún un sórí erùpẹ̀: Ọsirélíà nìyí, òkè rẹ̀ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tó bá gba ipò keje nínú ìdíje náà lọ́dún yẹn, ipò tí Hekari wà, ń gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ FIFA. Ẹ fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ owó bàálù tí mo ṣàlàyé lókè, ẹ ó rí ìdí tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù fi lè ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ife líìgì márùn-ún lọ.

Àwọn tó ń wo iye góòlù nìkan, mo máa ń rán wọn létí Nàìjíríà àti Tàhítì, erékùṣù Oṣéáníà mìíràn, nínú ìdíje Confederations Cup ní Belo Horizonte ní Brazil, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2013. A nà wọ́n ní 6-1, Oduamadi gbá mẹ́ta wọlé. Marama Vahirua nìkan ni bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ fún nínú gbogbo àwọn ọmọ Tàhítì. Síbẹ̀, nígbà tí Jonathan Tehau fi orí kan kọ́nà wọlé, gbogbo pápá ìṣeré náà dìde, àwọn ará Tàhítì tò sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ ojú omi tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo sì pàtẹ́wọ́. Ọmọ Tàhítì kò wá sí Brazil láti na Spain. Ó wá láti gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tí ẹnikẹ́ni láti ìlú rẹ̀ kò tíì gbá a rí.

* * *

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

N ó sáré sọ èyí. Lae City Dwellers gba líìgì mọ́ Hekari lọ́wọ́ ní ọdún 2015, wọ́n sì dì í mú fún ọdún mélòó kan. Ìjà wọ inú àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2016, líìgì pín sí méjì, Hekari sì wà lára àwọn tó bá apá kejì lọ. David Chung, tó jẹ́ ààrẹ àjọ náà àti ti Oṣéáníà, fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 2018, FIFA sì fòfin dè é ní ọdún 2019. Kapi Natto ló bọ́ sí ipò ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Papua New Guinea. Àwọn kan yọ̀ pé ẹni tó mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ná ti dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò bójú mu kí ẹni tó ní ẹgbẹ́ tó lágbára jù máa darí àjọ tó ń ṣètò líìgì, mo sì rò pé ìbéèrè wọn tọ́, ẹni yòówù kó wà lórí àga náà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Hekari tún dé àṣekágbá ife Oṣéáníà, ní Honiara. Auckland City nà wọ́n ní 2-0. Lẹ́yìn ọdún márùndínlógún, orúkọ kan náà ni Papua New Guinea ṣì gbé wá sí ibi gíga yẹn. Ní ọdún 2026, Oṣéáníà bẹ̀rẹ̀ líìgì tí bọ́ọ̀lù ti jẹ́ iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́jọ, PNG Hekari sì ni ẹgbẹ́ tó ń ṣojú orílẹ̀-èdè wọn níbẹ̀, nínú líìgì kan náà pẹ̀lú Bula ti Fíjì, Solomon Kings àti Auckland FC.

* * *

Ìdáhùn ìkẹyìn fún olùbéèrè

Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ fún un pé owó gbé Hekari dé ẹnu ọ̀nà pápá, ó sì tọ̀nà bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bi í léèrè nípa Ba àti Kossa, àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà yẹn kọjá ṣáájú, kó sì sọ fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní New Zealand. Bí ó bá ní òun kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún un.

Ní tèmi, ohun tí mo fẹ́ máa wò báyìí tí iṣẹ́ gidi ti dé ni ọmọ tó jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ló ń wọ bàtà, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù tí kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àdéhùn ọdún kan. Láti ọdún 2003, irú rẹ̀ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Hekari. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún, bóyá wọ́n ń gba irú wọn sílẹ̀ fún ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ tàbí wọ́n ti ní kí wọ́n yan ọ̀kan, kó wá sọ fún wa níbí.